Bí sáfà aládàáni ṣe bẹ̀rẹ̀ lórí ìkànnì abánidọ́rẹ̀ẹ́

Lọ́dún 2022, nígbà tí Elon Musk ra Twitter, ariwo Mastodon, ìkànnì abánidọ́rẹ̀ẹ́ tí kò sí lábẹ́ ẹnì kan ṣoṣo, gba ìgboro, àwọn kan sì rò pé ìgbà yẹn ni wọ́n bí i. Rárá o. Ní 2008, ní Montreal ní ilẹ̀ Kánádà, Evan Prodromou dá Identi.ca, ìkànnì kan tó jọ Twitter, sílẹ̀. Ó tú kóòdù tó gbé e ró, Laconica, sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́: ẹni tó bá fẹ́ lè gbé e sórí sáfà tirẹ̀ (kọ̀ǹpútà tó ń gbé ìkànnì ró), kó sì máa bá àwọn tó wà lórí sáfà ẹlòmíràn sọ̀rọ̀. Eugen Rochko ní Jámánì ló gbé Mastodon jáde ní oṣù Kẹwàá 2016. Ní oṣù Kìíní 2018 ni W3C, àjọ tó ń ṣètò ìlànà ayélujára, fọwọ́ sí ActivityPub, ìlànà tí sáfà fi ń bá sáfà sọ̀rọ̀.

Ọmọ Èkìtì ò nílò àlàyé púpọ̀ lórí èyí. Adó ní Ewì, Ìjerò ní Ajerò, Arámọkọ ní Alárá. Ọba kan kì í pàṣẹ nílùú ọba kejì. Síbẹ̀, nígbà tí ọwọ́ Ìbàdàn le jù, wọ́n para pọ̀ (Ìjẹ̀ṣà náà wà ńbẹ̀, ká má gbàgbé), wọ́n ja ogun Kírìjì láti 1877 títí wọ́n fi tọwọ́ bọ̀wé àdéhùn ní 1886.

Àwa náà ti rí ohun tí ilẹ̀kùn kan ṣoṣo lè fà. Twitter pa ọ̀rọ̀ kan tí Ààrẹ Buhari kọ rẹ́, ìjọba àpapọ̀ sì ní kí wọ́n ti Twitter pa. Láti 5 oṣù Kẹfà 2021 ni, wọn ò ṣí i títí di 13 oṣù Kìíní 2022. Ẹni tó ń tajà lórí rẹ̀ ní Adó ní láti wá VPN, ètò tó ń múni gba ẹ̀yìn wọ ìkànnì tí wọ́n tì, kiri. Wọ́n lè ti sáfà kékeré pa náà, àmọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n á máa wá a.

Wàhálà tiwa ni pé sáfà kì í sùn, iná ọba sì máa ń sùn. Ìdí nìyẹn tí àwọn kan fi ń háyà àyè lórí kọ̀ǹpútà tó wà ní Yúróòpù, tí wọ́n á máa darí rẹ̀ láti ilé. Kò burú. Àmọ́ GoToSocial, ètò sáfà bíi ti Mastodon tó bẹ̀rẹ̀ ní 2021, fúyẹ́ débi pé Raspberry Pi, kọ̀ǹpútà kékeré kan, lè gbé e, sólà kékeré pẹ̀lú bátìrì gidi sì tó fún Raspberry Pi. Bí iná bá lọ fún wákàtí díẹ̀, sáfà tó fẹ́ fọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí yín á tún un gbìyànjú. Àwòrán àti fídíò tó ń wá láti ọ̀dọ̀ àwọn sáfà mìíràn ló máa ń jẹ àyè jù, ẹ máa kó wọn dànù lóòrèkóòrè. Orúkọ dómáìnì, àdírẹ́sì tí wọ́n fi ń wá sáfà yín lórí ayélujára, ńkọ́? Ẹ rò ó dáadáa kí ẹ tó mú un. Yíyí i padà lẹ́yìn tí èrò ti ń tẹ̀lé yín, ìyà ni.

Ní 2023, Meta, iléeṣẹ́ tó ni Facebook, gbé Threads, ìkànnì tó jọ Twitter, jáde, wọ́n ní àwọn náà á lo ActivityPub. Àwọn tó ni sáfà kéékèèké kan ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn kó tó dé rárá, àwọn mìíràn ṣí i sílẹ̀ gbayawu. Kò sẹ́ni tó bá wọn pinnu.