Wọ́n sanwó ẹ̀kọ́, wọn ò parí ẹ̀: kí ló lé wọn?

Ìbéèrè: Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni mo ti ń kọ́ àwọn èèyàn bí wọ́n ṣe ń gé bùbá. Wọ́n máa ń forúkọ sílẹ̀ dáadáa, àmọ́ ká tó parí, ìwọ̀nba díẹ̀ ló ń kù. Ṣé mi ò mọ̀ ọ́n kọ́ ni?

Ẹ má tíì dá ara yín lẹ́bi. Lọ́dún 2011, Sebastian Thrun ti Yunifásítì Stanford àti Peter Norvig ti Google kọ́ni nípa ọgbọ́n àtọwọ́dá (AI) lọ́fẹ̀ẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Èèyàn bíi 160,000 ló forúkọ sílẹ̀, àwọn tó bá wọn débi ìparí lé díẹ̀ ní 20,000. Ọ̀fẹ́ nìyẹn o, òǹwòran máa ń pọ̀ níbẹ̀. Ẹni tó bá ti sanwó kó tó sá, ó yẹ kẹ́ ẹ bi í léèrè.

Ìbéèrè: Fídíò mi máa ń tó wákàtí kan. Ṣé ó ti gùn jù?

Ó gùn. Olùṣèwádìí kan, Philip Guo, àtàwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ yẹ bí àwọn èèyàn ṣe ń wo fídíò edX, ìkànnì ẹ̀kọ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì, wò, wọ́n sì gbé àbọ̀ rẹ̀ jáde lọ́dún 2014: bó ti wù kí fídíò gùn tó, ìdajì àwọn tó ń wò ó kì í kọjá ìṣẹ́jú 6. Ẹ jẹ́ kí fídíò ọrùn bùbá dá dúró, kí ti apá náà dá dúró. Lẹ́yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n fi ìwé ìròyìn àtijọ́ gé e, kí wọ́n ya fọ́tò ẹ̀ ránṣẹ́. Ẹni tó kàn já fídíò sí wẹ́wẹ́ láìfún wọn níṣẹ́ ṣe, gígé ló gé aṣọ, kò tíì rán an.

Ìbéèrè: Wọ́n ní kí n máa kọ ọ̀rọ̀ sísàlẹ̀ fídíò nítorí adití. Mi ò ní adití kankan ní kíláàsì.

Báwo lẹ ṣe mọ̀? Ẹni tí kò gbọ́ ohun tẹ́ ẹ sọ kò ní dágbére kó tó lọ. Kì í tiẹ̀ ṣe adití nìkan: ìyá ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rọmọ sùn ńkọ́, tàbí ẹni tí jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò ń bú ramúramù létí fèrèsé ẹ̀? Ẹ fàmì sórí ọ̀rọ̀ náà o, kí apá bùbá má di àpá.

Ẹnu yín náà wà níbẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ní “ẹ gé e débí,” ẹni tójú ẹ̀ wà lára aṣọ tirẹ̀ ò mọ “ibí.” Ẹ pe iye ínǹṣì, kẹ́ ẹ sọ ibi tẹ́ ẹ ti wọ̀n ọ́n. Ìwọ̀n tẹ́ ẹ bá sì kọ sínú fọ́tò, ẹ tún un tẹ̀ sábẹ́ ẹ̀, torí ẹ̀rọ tó ń kàwé fún afọ́jú lórí fóònù sábà máa ń fo ohun tó bá wà nínú àwòrán.

Ìbéèrè: Dátà ńkọ́?

Fídíò tó ń gba megabit 1.5 ní ìṣẹ́jú àáyá kan á jẹ nǹkan bíi 675 MB ní wákàtí kan. Ohùn lásán tó ń gba kilobit 64 ò tó 30 MB. Ẹ gbé méjèèjì síbẹ̀, kẹ́ni tó fẹ́ mú èyí tápò ẹ̀ gbé. Kẹ́ ẹ tó gbé ẹ̀kọ́ síta, fóònù ọmọṣẹ́ yín ni kẹ́ ẹ fi wò ó, kì í ṣe tiyín.