Ìtànṣán fún lymphoma tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀: báwo ni ẹni tí àrùn ò padà sí lára ṣe wá kú?

Lọ́dún 2012, àwọn oníṣègùn Kánádà àti Amẹ́ríkà gbé àbájáde ìwádìí kan jáde lórí èèyàn 405 tó ní Hodgkin lymphoma, irú jẹjẹrẹ kan, tí kò tíì ràn jìnnà. Kímò (oògùn tó ń pa sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ) nìkan ni apá kan gbà. Ìtànṣán (radiation, èyí tí ẹ̀rọ ń ta sí ara láti pa jẹjẹrẹ) wà nínú ìtọ́jú apá kejì. Àrùn náà ò fi bẹ́ẹ̀ padà sára àwọn tó gba ìtànṣán, síbẹ̀ àwọn gan-an ló kú jù. Ẹni tó bá ka èyí, tí èèyàn rẹ̀ sì wà lórí ìtọ́jú lọ́wọ́, àyà rẹ̀ á já. Mo fẹ́ tú ọ̀rọ̀ náà palẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó torí rẹ̀ sá kúrò nílé ìwòsàn.

Kí ni lymphoma?
Jẹjẹrẹ tó ń bẹ̀rẹ̀ nínú sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ funfun tó yẹ kó máa bá wa gbógun ti àrùn. Kókó ló sábà máa ń yọ sí ọrùn, abẹ́ abíyá tàbí inú àyà, kì í sì í sábà dunni. Oríṣiríṣi ló wà. Èyí tí Thomas Hodgkin kọ̀wé nípa rẹ̀ ní London lọ́dún 1832 là ń sọ níbí.

Ìgbà wo la lè sọ pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀?
Nígbà tó bá wà lójú kan ṣoṣo, tàbí ojú mélòó kan tí gbogbo wọn wà lókè iṣan tó pààlà àyà àti ikùn, tàbí kí gbogbo wọn wà nísàlẹ̀ rẹ̀.

Kí ló wá pa àwọn tó gba ìtànṣán?
Ibí ni kókó ọ̀rọ̀ wà. Nínú wọn, èèyàn 24 ló kú láàárín ọdún tí wọ́n fi ń tọpa wọn. Mẹ́rin péré ni Hodgkin tàbí wàhálà ìtọ́jú pa. Ohun mìíràn ló pa 20, jẹjẹrẹ tuntun sì wà lára ohun náà. Nínú àwọn tó gba kímò nìkan, 12 ló kú: Hodgkin tàbí wàhálà ìtọ́jú pa 6, ohun mìíràn pa 6. Ìṣirò wọn fi hàn pé lẹ́yìn ọdún 12, nínú 100, 94 ló ṣì wà láàyè lápá kímò, 87 lápá ìtànṣán.

Ẹ wá wo irú ìtànṣán tí wọ́n fún wọn. Ó bẹ̀rẹ̀ láti ọrùn, ó gba gbogbo àyà kọjá, ó wọ ikùn, àti ibi tó lárùn àti ibi tí kò ní. Ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ 35 Gray (Gray ni òṣùwọ̀n ìtànṣán, bí líta ṣe jẹ́ ti epo). Ọmú, ẹ̀dọ̀fóró àti ọkàn wà lójú ọ̀nà. Ọkàn ọ̀dọ́ ò ní ké lọ́jọ́ náà. Ó lè tó ọdún 15 tàbí 20 kí ìpalára náà tó yọjú, nígbà tí onítọ̀hún ti gbàgbé Hodgkin pátápátá.

Ìtànṣán yẹn kọ́ ni wọ́n ń fún èèyàn mọ́. Ibi tí àrùn wà nìkan ni wọ́n ń dojú kọ báyìí. Ìwádìí àwọn ará Jámánì tó jáde lọ́dún 2010 fi hàn pé fún àwọn tí àrùn wọn fúyẹ́ jù, kímò ẹ̀ẹ̀mejì pẹ̀lú 20 Gray tó.

Kí ló dé tí wọn ò kúkú pa á tì?
Nítorí ó ń ṣiṣẹ́. Ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n mú àwọn tí ẹ̀rọ PET, tó ń ya àwòrán inú ara, ò rí àrùn kankan lára wọn mọ́ lẹ́yìn kímò ẹ̀ẹ̀mẹta. Wọ́n fún àwọn kan ní ìtànṣán, wọ́n fi àwọn yòókù sílẹ̀. Àbájáde rẹ̀ jáde lọ́dún 2015: lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, nǹkan bí 95 nínú 100 ni kò rí àrùn mọ́ lápá ìtànṣán, 91 lápá kejì. Ìyàtọ̀ ọ̀hún ò pọ̀, àmọ́ ó wà. Ẹni tí àrùn bá padà sí lára ṣì lè rí ìwòsàn, ṣùgbọ́n ìtọ́jú tó le ju ti àkọ́kọ́ lọ ló máa gbà.

Nítorí náà, ọmọbìnrin ọdún 22 tí kókó rẹ̀ wà láàárín àyà, nítòsí ọmú, àti bàbá ẹni ọdún 60 tí tiẹ̀ wà lọ́rùn, ìmọ̀ràn wọn ò lè dọ́gba.

Báwo ni wọ́n ṣe ń ṣe é?
Bí kókó bá wà lọ́rùn, wọn á rẹ ike pẹlẹbẹ oníhò wẹẹrẹ-wẹẹrẹ sínú omi gbígbóná títí á fi rọ̀ bí aṣọ tútù. Wọn á tẹ́ ẹ lé ojú àti ọrùn aláìsàn. Bó ṣe ń tutù ló ń le, á sì mú ìrísí imú àti àgbọ̀n onítọ̀hún gan-an. Òun ni wọ́n á máa fi dè é mọ́ tábìlì lójoojúmọ́ kó má baà mira. Bó bá jẹ́ àyà ni, àwọn ibòmíì máa ń ní kó fa èémí sínú kó dá a dúró: bí ẹ̀dọ̀fóró bá kún, ọkàn á sún kúrò lójú ọ̀nà. Ìtànṣán fúnra rẹ̀ kì í ju ìṣẹ́jú díẹ̀, kì í sì í dunni. Ìgbà 10 ni wọ́n sábà máa ń pín 20 Gray sí.

Ṣé ìtànṣán lè ti ara mi ran ọmọ mi nílé?
Rárá. Inú yàrá ẹ̀rọ ló parí sí. Ẹ gbé ọmọ yín mọ́ra.

Mo ti gba ìtànṣán sáyà nígbà kan rí. Kí ni kí n ṣe?
Ẹ sọ ọ́ fún gbogbo dókítà tí ẹ bá bá pàdé, kódà bó ti pé ogún ọdún. Ẹ má mu sìgá rárá. Ẹ máa ṣọ́ ẹ̀jẹ̀ ríru. Bó bá jẹ́ ọrùn ni ìtànṣán náà kàn, ẹ máa ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ fún thyroid, ẹ̀yà ara kékeré tó wà níwájú ọrùn. Obìnrin tó gbà á nígbà èwe gbọ́dọ̀ tètè bẹ̀rẹ̀ àyẹ̀wò ọmú, láti nǹkan bí ọdún mẹ́jọ lẹ́yìn ìtọ́jú náà tàbí ọmọ ọdún 25, èyí tó bá gbẹ̀yìn.

Kókó kan yọ sí mi lọ́rùn. Ṣé kí n bẹ̀rù?
Ọ̀pọ̀ kókó ọrùn ni kì í ṣe jẹjẹrẹ, tó ń wálẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Èyí tó ń bà mí lẹ́rù ní Nàìjíríà ni èyí tí wọ́n pè ní ikọ́ ẹ̀gbẹ láìyẹ̀ ẹ́ wò, tí aláìsàn ń lo oògùn rẹ̀ fún oṣù púpọ̀ tí kókó ṣì ń wú. Bí kókó ò bá lọ, tàbí tí ẹ ń rù, tí òógùn òru ń rẹ aṣọ ìbùsùn yín gbindin, ẹ ní kí wọ́n gé kókó náà fún àyẹ̀wò. Ìwọ̀nba tí wọ́n bá fi abẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ fà nínú kókó kì í sábà tó láti mọ Hodgkin. Bí èsì bá sì ní òun ni, tí wọ́n dárúkọ ìtànṣán, ẹ bi dókítà pé: ibo ló máa gbà kọjá, Gray mélòó ni, kí ló lè ṣẹlẹ̀ bí mi ò bá gbà á?