Òòyà Tó Ń Pín Omi ní Timimoun

Bí ìrìn-àjò aṣálẹ̀ ṣe ń lọ ní Timimoun, ní agbègbè Gourara ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn Àlgéríà, kò ṣòro láti mọ̀. Àlejò yóò gba yàrá nínú ilé àlejò tí a fi amọ̀ pupa kọ́, ọkọ̀ yóò gbé e lọ wo àwọn ìlú olódi àtijọ́ àti òkìtì iyanrìn ńláńlá Grand Erg Occidental, yóò sì padà wá mu tíì lábẹ́ ọ̀pẹ dàbínù. Ìgbà òtútù ni wọ́n sábà máa ń lọ, nítorí pé ooru ibẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn kò ṣeé fara dà.

Ọ̀rọ̀ kan tí ọ̀pọ̀ àlejò ń sọ nígbà tí wọ́n bá délé ló yẹ kí a tún ṣe. Wọ́n ní omi ló ń sun fúnra rẹ̀ láàárín iyanrìn, tí àwọn ènìyàn fi wá tẹ̀dó síbẹ̀. Ní Gourara, kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ènìyàn ló lọ mú omi wá.

Abẹ́ ilẹ̀ gíga Tademaït ni omi náà wà. Láti ibẹ̀ ni wọ́n ti gbẹ́ ihò gbọọrọ kan tó ń jẹ́ foggara gba abẹ́ ilẹ̀ wá sí ibi tí ọgbà wà, wọ́n sì mú kí ìsàlẹ̀ rẹ̀ dagẹ̀rẹ̀ díẹ̀, kí omi lè máa ṣàn bọ̀ láìsí ẹ̀rọ, láìsí okùn àti garawa. Àwọn òkìtì tó tò tẹ̀lé ara wọn, tí àlejò ń rí láti inú ọkọ̀, ni ẹnu kànga tí wọ́n ń gbà sọ̀ kalẹ̀ lọ kó ohun tó bá dí i. Iṣẹ́ tó ń pa ènìyàn lára ni. Àwọn ẹrú àti àwọn Haratin, ìyẹn àwọn àgbẹ̀ aláwọ̀ dúdú inú aṣálẹ̀ náà, ló ṣe púpọ̀ nínú rẹ̀ láyé àtijọ́, ó sì yẹ kí ẹni tó ń mú àlejò kiri máa sọ ọ́ fún wọn.

Níbi tí omi ti yọ síta ni iṣẹ́ ọpọlọ náà wà. Omi náà yóò bá òkúta kan tí wọ́n gbẹ́ bí òòyà pàdé, kasria ni wọ́n ń pè é, yóò sì gba àárín eyín rẹ̀ kọjá. Àlàfo kan fẹ̀, òmíràn tín-ín-rín, nítorí pé ìpín olúkúlùkù ni wọ́n fi wọn fífẹ̀ rẹ̀. Ẹni tó bá mọ bí a ṣe ń pín ogún ní ìdí-igi yóò tètè lóye rẹ̀: òòyà ńlá pín omi fún ẹbí, ojú omi ẹbí kọ̀ọ̀kan dé òòyà kékeré tirẹ̀, ó pín in fún àwọn ọmọ, àwọn ọmọ kú, a tún gbẹ́ àlàfo fún ọmọ-ọmọ, títí ìpín ẹlòmíràn fi kéré débi pé ó kúkú tà á fún aládùúgbò. Tọ̀sán-tòru ni omi ń ṣàn, nítorí náà adágún kékeré wà nínú ọgbà tó ń gba omi òru pamọ́ di òwúrọ̀. Kò sí ẹni tí a ń bẹ̀ kí ó ṣí omi. Bí omi bá sì dín, ti gbogbo wọn ló dín, kálukú ní ìwọ̀n ìpín rẹ̀.

Kiyyal el-ma ni ẹni tó ń wọn omi. Yóò gbé àwo bàbà tó ní ihò oríṣiríṣi dí ojú omi, yóò mú amọ̀ tútù, yóò fi ìka lẹ ihò kan pa, yóò ṣí òmíràn, títí omi ẹ̀yìn àwo kò fi ní ga sí i, tí kò sì ní fà. Ihò tó ṣí sílẹ̀ nígbà náà ni iye omi. Habba ni ìwọ̀n náà ń jẹ́. Habba kan pín sí qirat 24, qirat kọ̀ọ̀kan sì tún pín sí 24. Wọ́n ń kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé tí a ń pè ní zimam.

Ní ọdún 2018, àjọ UNESCO fi ìmọ̀ àwọn awọnmi Touat àti Tidikelt, tó wà nítòsí Gourara, sínú àkọsílẹ̀ àwọn àṣà tó ń fẹ́ ìdáàbòbò kíákíá. Ohun tí òòyà kò lágbára lórí rẹ̀ ni ẹ̀rọ. Kànga ẹlẹ́rọ ń fa omi abẹ́ ilẹ̀ kan náà, títí kan èyí tí àlejò fi ń wẹ̀, ojú omi ń lọ sílẹ̀, foggara sì ń gbẹ. Síbẹ̀, ní àwọn ìlú kan tí foggara ti ń gbẹ, wọn kò da òòyà nù: omi tí ẹ̀rọ fà ni wọ́n ń dà sẹ́yìn rẹ̀, kí ó lè gba àárín eyín àtijọ́ náà kọjá dé ọgbà oníkálukú.