Mọ́ọ̀dù: ihò kan náà ló bí ọta tó tún bí létà

Ẹni tó bá ti dúró wo àwọn tó ń mọ búlọ́ọ̀kù rí l'Ábẹ́òkúta níbí ti mọ ìdajì ohun tí mo fẹ́ sọ. Irin onígun mẹ́rin yẹn tí wọ́n ń da yanrìn àti sìmẹ́ǹtì sí, tí wọ́n á gbá a dáadáa, tí wọ́n á wá fà á sókè kí búlọ́ọ̀kù lè jókòó sílẹ̀, òun là ń pè ní mọ́ọ̀dù. Ẹnì kan bi mí pé ṣé "mọ" tiwa náà ló di mọ́ọ̀dù ni, mo ní rárá o, ọ̀rọ̀ òyìnbó ni, ó kàn ṣe kòńgẹ́ ara wọn ni.

Èyí tí mo fẹ́ ṣàlàyé gan-an ni mọ́ọ̀dù ọta ìbọn, ti ayé àtijọ́. Ìdí ni pé òun ló jẹ́ kó yé mi pé yíyọ́ irin kọ́ niṣẹ́, ihò tí wọ́n ń dà á sí niṣẹ́.

Ẹ wò ó, ọta fúnra ẹ̀, òkúta ló jẹ́ lẹ́nu wa, ṣebí ọta Ṣàngó náà òkúta ni. Òyìnbó náà, òkúta ni wọ́n ń gbẹ́ roboto tí wọ́n ń kì sínú àgbá nígbà àkọ́kọ́. Ìgbà tó yá ni òjé gba iṣẹ́ lọ́wọ́ òkúta, pàápàá fún ìbọn ọwọ́. Òjé yìí náà làwọn ọlọ́bàtálá ń fi ṣe ẹ̀gbà ọwọ́, òun làwọn apẹja ń so mọ́ etí àwọ̀n kó lè rì, òun ló kún inú bátìrì mọ́tò. Ó wúwo, ó rọ̀, kò sì le láti yọ́: ní 327 digírì ó ti di omi, nígbà tí alumíníọ̀mù tí wọ́n fi ń rọ ìkòkò ń fẹ́ 660, irin ní tiẹ̀ ń fẹ́ 1,538. Iná igi lásán tó fún òjé.

Ó dáa, ẹ ti yọ́ ọ, kí lẹ fẹ́ dà á sí?

Òkúta tó rọ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ ń gbẹ́ fi ṣe mọ́ọ̀dù, lẹ́yìn ẹ̀ ni idẹ àti irin dé. Ìlàjì méjì ni, wọ́n so wọ́n pọ̀ bí ẹnu ẹ̀mú alágbẹ̀dẹ, ìlàjì ọta wà nínú ti ọ̀tún, ìlàjì wà nínú ti òsì, tẹ́ ẹ bá pa á dé ihò roboto kan ló kù nínú. Ó rọrùn lẹ́nu ṣá, àmọ́ ẹ gbìyànjú kẹ́ ẹ fi ojú lásán gbẹ́ ìlàjì bọ́ọ̀lù méjì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ kí wọ́n sì pàdé láìyẹ̀ bí irun orí, ẹ ò lè ṣe é, èmi náà ò lè ṣe é. Ohun táwọn oníṣẹ́ yẹn dá ni pé wọ́n á kọ́kọ́ fi irin líle ṣe bọ́ọ̀lù kékeré kan tó ní eyín lára bíi fáìlì, cherry ni wọ́n ń pè é, ó jọ èso igi wọn kan tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Wọ́n á fi há àárín ìlàjì méjèèjì, wọ́n á máa yí i, wọ́n á sì máa fún ọwọ́ ẹ̀mú mọ́ ọn díẹ̀díẹ̀, cherry á máa jẹ ọ̀tún, á máa jẹ òsì, títí ẹnu méjèèjì á fi lẹ̀ mọ́ra. Bọ́ọ̀lù kan ṣoṣo ló gbẹ́ ihò méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà, ibo ni wọ́n ti fẹ́ yẹ̀? Ọgbọ́n yẹn wù mí gan-an ni.

Ó tún kù o. Ihò ọ̀fun wà lókè tí òjé ń gbà wọlé, ìyókù tó bá dì sí ọ̀fun yẹn wọ́n á gé e sọnù. Wọ́n á tún fa ìlà tín-ín-rín sí ojú ibi tí ìlàjì méjèèjì ti pàdé kí afẹ́fẹ́ lè ráyè jáde, torí tí afẹ́fẹ́ bá há sínú, ọta á jáde tòun ti ihò. Òjé máa ń sún kì díẹ̀ tó bá ti ń dì, ìdí nìyẹn tí ihò fi gbọ́dọ̀ tóbi ju ọta lọ ní ìwọ̀n táṣẹ́rẹ́. Tí mọ́ọ̀dù bá sì tutù, ara ọta á hunjọ bí ojú arúgbó, wọ́n á ní láti yá a níná ná. Àwọn míì tiẹ̀ ń fi èéfín fìtílà kùn ún nínú kó má baà lẹ̀.

Ṣùgbọ́n omi ni baba ọ̀tá ẹ̀. Nígbà tá a wà lọ́mọdé, èmi àti ẹ̀gbọ́n mi yọ́ òjé bátìrì nínú agolo mílíìkì, a ní a fẹ́ ṣe ti àwọ̀n, la bá dà á sínú yanrìn tá a gbẹ́ létí odò Ògùn, yanrìn tútù o! Omi ẹ̀ di ooru lójijì, òjé fò sókè pàà, àpá ẹ̀ wà lọ́rùn ọwọ́ ẹ̀gbọ́n mi dòní, màmá wa fi àdí ra á fún ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan. A ò tiẹ̀ mọ̀ nígbà yẹn pé májèlé ni òjé, ẹ rántí 2010 ní Zamfara, eruku òjé látinú òkúta tí wọ́n ń lọ̀ wá wúrà pa ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọmọdé. Ẹ má jẹ́ kí ọmọ yín fi bátìrì ṣeré.

Láyé ìgbà yẹn, ìbọn kan ìwọ̀n kan ni, ihò ìbọn ò dọ́gba, torí náà tí wọ́n bá rọ ìbọn wọ́n á rọ mọ́ọ̀dù tiẹ̀ tì í. Nọ́ńbà 12 tẹ́ ẹ máa ń rí lára katiríìjì ọdẹ, ibẹ̀ ló ti wá: ẹ pín òjé pọ́n-ùn kan sí ọta roboto 12, bí ọ̀kan ṣe tóbi tó ni ihò ìbọn náà ṣe fẹ̀ tó. Ìdí nìyẹn tí 20 fi kéré sí 12, ó máa ń da ọ̀pọ̀ èèyàn láàmú. Ní 1782, William Watts ní Bristol gba ìwé àṣẹ fún ọ̀nà tí kò nílò mọ́ọ̀dù rárá fún ọta wẹ́wẹ́, ó ń da òjé látòkè ilé gíga gba inú asẹ́, á ti di roboto fúnra ẹ̀ kó tó kan omi nísàlẹ̀. Nígbà tí ọta Minié ti ilẹ̀ Faransé dé ní 1849, ẹnu ẹ̀ ṣóńṣó, ìdí ẹ̀ jìn, ni mọ́ọ̀dù bá di mẹ́ta, ẹ̀yà kẹta ló ń ti ìdí ẹ̀ wọnú.

Kí ló wá kan Ẹ̀gbá? Ìbọn ni Ẹ̀gbá àti Dàhòmì fi kojú ara wọn ní 3 March 1851, Dàhòmì tún padà wá ní 1864. Láàárín méjèèjì, ní 1859, Henry Townsend, òyìnbó ìjọ kan, bẹ̀rẹ̀ Ìwé Ìròyìn, tó ń tẹ̀ jáde lédè Yorùbá, níbí. Létà tí wọ́n fi ń tẹ ìwé láyé ìgbà yẹn, òjé ni, wọ́n lú tánńganran àti áńtímónì mọ́ ọn kó lè le kó má sì sún kì jù, inú mọ́ọ̀dù náà ni wọ́n sì ti ń dà á, ọgbọ́n tí Gutenberg gbé jáde ní Jámánì ní nǹkan bíi 1450. Wọ́n á gbẹ́ létà sódì sórí irin, wọ́n á gbá a mọ́ bàbà, á padà sí ọ̀tún, wọ́n á da òjé sí i, á tún yí sódì, ìgbà tó bá kan bébà ló tó ṣeé kà. Ní 1867 tí Ẹ̀gbá lé àwọn òyìnbó ìjọ jáde, ilé ìtẹ̀wé Townsend bá a lọ.

Létà òjé kan wà lórí tábìlì mi báyìí, bàbá kan tó ń tẹ̀wé ló fún mi nígbà tó ń palẹ̀ ẹ̀rọ àtijọ́ mọ́. Ṣ ni, àmì abẹ́ ẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ tán. Ọmọ mi wò ó títí, ó ní wọ́n ṣe é sódì, mo bá gbé e síwájú dígí fún un.