Kí ẹ tó gbé báàgì lọ sọ́jà Utako, ẹ kọ́kọ́ ṣí kọ́bọ́ọ̀dù yín

Lọ́sẹ̀ tó kọjá nìkan, èèyàn mẹ́ta ló jókòó síwájú tábìlì mi tó ń sọ ọ̀rọ̀ kan náà: owó oúnjẹ ti fẹ́ pa wá. Ọ̀kan nínú wọn, ìyá ọlọ́mọ mẹ́rin tó ń gbé ní Kubwa l'Ábújá níbí, ní òun ná 23,000 náírà lọ́jà Utako lọ́jọ́ Sátidé, nígbà tó fi máa di Ọjọ́rú ilé ti dá páropáro. Mo ní màmá, kí ló wà nílé báyìí? Ó ní kò sí nǹkankan, àǹtí dókítà. Èmi kì í ṣe dókítà o, onímọ̀ oúnjẹ aṣaralóore (dietitian) ni mí, iṣẹ́ yìí ni mo lọ kọ́ ní yunifásítì fọ́dún márùn-ún, òun náà ni mo sì ti ń ṣe ní hòsípítù láti ọdún 17 sẹ́yìn, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé kò sí ohun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Mo ní kó pe ọmọ rẹ̀ àgbà lórí fídíò, kí ọmọ gbé fóònù wọ kíṣìn.

Ẹ wo ohun tá a rí. Ẹ̀wà olóyin tó máa tó mudu kan nínú ike, kòkòrò ti ń lu ú. Ìrẹsì bíi kọ́ọ̀pù márùn-ún. Ẹ̀lùbọ́ àti lúrú tí ìyá ọkọ rẹ̀ fi ránṣẹ́ láti Ìlọrin, kò tíì tú u rárá. Orí ẹja gbígbẹ mẹ́rin. Tòmátì méje tó ti ń rọ̀. Búrẹ́dì tó ti le. Ewé zogale, ìyẹn moringa, tí aládùúgbò wọn tó jẹ́ Hausa já fún wọn láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, kúlíkúlí, ẹyin méjì, epo pupa, àlùbọ́sà. Nínú fírísà, ọbẹ̀ ata nínú ike. Ó wo fóònù yẹn, ojú tì í díẹ̀. Ó ní, "Àǹtí, mo rò pé nǹkan tí mo lè jẹ lẹ́ ń bi mí."

Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Tẹ́ ẹ bá dúró ní kíṣìn, ohun tẹ́ ẹ máa ń bi ara yín ni pé kí la máa jẹ lónìí, ọkàn á wá fò lọ sídìí ohun tí ẹnu ń fẹ́, ohun tẹ́nu ń fẹ́ yẹn kì í sì í sí nílé, ló bá di ọjà. Ẹ fi ìbéèrè yẹn sílẹ̀. Ẹ bi ara yín pé kí ló máa kọ́kọ́ bàjẹ́ nínú ilé yìí? Ẹ mú bébà kan, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara fíríìjì, èyí tó máa bàjẹ́ lónìí tàbí lọ́la ẹ kọ ọ́ sókè, ohun gbígbẹ ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀, ohun tẹ́ ẹ bá jẹ tán ẹ fagi lé e. Bí wọ́n ṣe ń se ẹ̀wà tàbí bí wọ́n ṣe ń ro àmàlà, mi ò ní kọ́ yín nìyẹn, ẹ ti mọ̀ ọ́n.

Èyí tí mo tò fún màmá Kubwa rèé. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, zogale àti tòmátì ló kọ́kọ́ lọ, torí ewé yẹn á ti rọ tó bá di ọ̀la. Ẹ bọ̀ ọ́, ẹ fún omi rẹ̀ dànù, ẹ pò ó mọ́ kúlíkúlí tí wọ́n gún àti àlùbọ́sà àti ata gbígbẹ, bí àwọn obìnrin Hausa ṣe ń tà á kiri ìta gbogbo l'Ábújá yìí, àwa Yorùbá á kàn kọjá níbẹ̀ bíi pé oúnjẹ ẹlòmíì ni. Tòmátì tó rọ̀ kò bàjẹ́ o, bó bá ṣe ń rọ̀ ló dáa fún ọbẹ̀, èyí tó ń yọ omi tó sì ń rùn lẹ máa jù nù. Ó fi se ọbẹ̀ díẹ̀, ó bu kọ́ọ̀pù ìrẹsì mẹ́ta. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì ó ki búrẹ́dì yẹn bọ ẹyin tó pò mọ́ omi díẹ̀, ó dín in. Lálẹ́ ọjọ́ kejì, ẹ̀wà tó ti rẹ sómi láti àárọ̀, ọbẹ̀ ata inú fírísà, epo pupa, pẹ̀lú kọ́ọ̀pù ìrẹsì méjì tí kò tíì sè. Ìrẹsì àti ẹ̀wà tí ìyá wa máa ń sè pọ̀ yẹn, ọgbọ́n ńlá ni, torí ẹ̀wà ní lysine tí ìrẹsì ò ní tó, ìrẹsì sì ní methionine tí ẹ̀wà ò ní tó, àwọn méjèèjì wà lára èròjà tó ń para pọ̀ di purotéènì, wọ́n á wá gbe ara wọn, ara ọmọ á rí ohun tó fi dàgbà bí ò tiẹ̀ sí ẹran. Ọjọ́ kẹta, àmàlà àti lúrú àti orí ẹja. Ohun gbígbẹ ló gbẹ̀yìn, torí òun ló lè dúró. Ohun tó rà nínú ọjọ́ mẹ́ta yẹn kò ju ata àti iyọ̀ lọ.

Ẹ̀wà oníkòkòrò yẹn, ó ti fẹ́ dà á nù. Kí ló dé? Ẹ ṣa á, ẹ bù ú sómi, èyí tí kòkòrò ti jẹ inú rẹ̀ tán á léfòó pẹ̀lú kòkòrò fúnra rẹ̀, ẹ gbọ́n ọn dànù, ẹ se ìyókù. Kòkòrò yẹn ò lè ṣe yín ní nǹkan kan, ohun tó lè ṣe yín ní nǹkan ni Sniper, oògùn apakòkòrò tí àwọn kan ń dà sí ẹ̀wà nítorí kòkòrò. Májèlé tí wọ́n ń pè ní dichlorvos ló wà nínú Sniper, torí rẹ̀ sì ni àwọn ará Yúróòpù fi tilẹ̀kùn mọ́ ẹ̀wà gbígbẹ wa lọ́dún 2015, NAFDAC, àjọ tó ń mójú tó oúnjẹ àti oògùn, náà fòfin de ìgò kékeré rẹ̀, oní 100ml, lọ́dún 2019. Síbẹ̀ mo ṣì ń rí ẹni tó ń sọ fún mi pé ẹ̀kán kan péré lòun máa ń dà sí i. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ kẹ́ ẹ̀wà, ẹ wá kẹ́ẹ̀gì tó mọ́ tó gbẹ dáadáa, ẹ rọ ẹ̀wà gbígbẹ kún un fọ́fọ́ títí dé ọrùn, ẹ dé e pinpin, ẹ má ṣí i fún bí oṣù kan. Afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ á tán, kòkòrò á kú, láìsí oògùn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ sì ń fi Panadol se ẹran kó lè tètè rọ̀ kí gáàsì má jóná, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dẹ́kun. NAFDAC ti pariwo ẹ̀ títí, ẹ̀dọ̀ yín lẹ fi ń tọ́jú gáàsì.

Ó yá, ibi tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ fetí sí jù lọ ni oúnjẹ àná, torí àwọn tó ń ṣọ́wó ná gan-an ló ń kó sínú ẹ̀.

Oríṣi èèyàn méjì ni mo ń rí. Àwọn kan ń da oúnjẹ àná nù, torí ẹnì kan tó pe ara rẹ̀ ní dókítà lórí WhatsApp ní oúnjẹ tó bá ti sùn ń fa jẹjẹrẹ, tàbí ìyá ọkọ ní àwọn ayé ti tọ́ ọ wò lóru. Kò sóòótọ́ kankan níbẹ̀. Oúnjẹ àná tí wọ́n tọ́jú dáadáa kò ní wàhálà, owó tẹ́ ẹ ti ná tán lẹ sì ń dà sínú gọ́tà yẹn. Àwọn kejì ní tiwọn á jẹ gbogbo ohun tó bá kù, wọ́n á ní iná ló ń pa kòkòrò, ẹ sáà ti gbé e kaná kó hó. Àwọn yìí ló ń bà mí lẹ́rù jù.

Kòkòrò àìfojúrí kan wà tí wọ́n ń pè ní Bacillus cereus. Inú ilẹ̀ ló ń gbé, ó sì máa ń bá ìrẹsì dé ilé yín láti oko, kò sí bẹ́ ẹ ṣe fọ̀ ọ́ tó. Ó ní irúgbìn tó ní èèpo líle, tẹ́ ẹ bá se ìrẹsì kò ní kú, ó kàn máa sùn ni. Tí ìrẹsì náà bá wá tutù díẹ̀díẹ̀ lórí káńtà, tàbí tẹ́ ẹ bá dé e mọ́nú kúlà tó ṣì ń lọ́ wọ́ọ́rọ́, ó á jí, ó á máa bí sí i, ó á sì tu májèlé sínú oúnjẹ. Májèlé yẹn ni iná ò lè pa. Ẹ hó o, ẹ dín in, ẹ fi ata rodo sí i, ó wà níbẹ̀. Kò ní rùn, kò ní kan, ẹnu yín ò lè mọ̀ ọ́n. Láàárín ìlàjì wákàtí sí wákàtí mẹ́fà, èébì á bẹ̀rẹ̀.

Ní nǹkan bí ọdún méjì sẹ́yìn, wọ́n gbé ọmọ ọdún mẹ́rin kan dé láti Mararaba, ọmọ Ọ̀yọ́ ni bàbá àti ìyá rẹ̀. Wọ́n ṣe ọjọ́ìbí lọ́jọ́ Sátidé, jọ̀lọ́ọ̀fù ṣẹ́kù púpọ̀, màmá rẹ̀ rọ ọ́ sínú kúlà ńlá, ó dé e pa, ó ní kò gbọdọ̀ ṣòfò. Oṣù kẹrin ni, ooru yẹn lẹ mọ̀. Láàárọ̀ Sọ́ńdè ó gbé e kaná, ó gbóná dáadáa, ó fún àwọn ọmọ mẹ́ta jẹ, wọ́n lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ìwàásù ò tíì parí tí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fi ń bì. Ẹnì kan sì dìde ó ní wọ́n ti fún àwọn ọmọ ní májèlé, ta ló wá síbi ọjọ́ìbí yẹn? Wọ́n rántí pé ìyá kan nínú yàrá ìkejì ló bá wọn ro ìrẹsì náà, obìnrin tí ò rí ọmọ bí. Dípò kí wọ́n gbé ọmọ wá sí hòsípítù, wọ́n gbé wọn lọ sọ́dọ̀ bàbá kan tó ń ta àgbo lẹ́bàá ọ̀nà, bàbá fún wọn ní epo pupa mu kí májèlé lè jáde, ó gba 15,000 náírà. Ọmọ tó ń bì, tí ara ẹ̀ ti rọ, ẹ fún un ní epo mu! Epo yẹn lè gba ọ̀fun lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀. Ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n tó gbé e dé ọ̀dọ̀ wa, ojú ọmọ ti wọ inú, kò lè sunkún. Ọjọ́ mẹ́ta ló lò lórí dírípù, àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti yá ní tiwọn lọ́jọ́ kejì. Nígbà tí mo bi màmá rẹ̀ pé kí ni wọ́n jẹ, kúlà ló kọ́kọ́ dárúkọ, mo sì ṣàlàyé gbogbo ẹ̀ fún un bí mo ṣe ṣàlàyé fún yín yìí. Ó sunkún. Ṣùgbọ́n obìnrin yàrá ìkejì yẹn ti kó jáde nílé kí wọ́n tó padà dé. Títí dòní inú mi ò dùn sí ohun tí wọ́n fojú obìnrin yẹn rí, ẹni tó fi ọwọ́ ẹ̀ ro oúnjẹ fún ọmọ ọlọ́mọ.

Ẹ gbọ́, tí oúnjẹ bá kù, ẹ má dúró kó tutù nínú ìkòkò. Ẹ tẹ́ ẹ sórí tíréè tó fẹ̀ kó lè tètè tutù, láàárín wákàtí kan kó ti wọ fíríìjì. Àjọ ìlera àgbáyé ní oúnjẹ tí wọ́n ti sè kò gbọ́dọ̀ wà níta ju wákàtí 2 lọ, èmi wákàtí kan ni mo ń sọ fún àwọn tèmi láàárín oṣù kejì sí ìkẹrin, torí ooru Ábújá. Lọ́jọ́ kejì ẹ jẹ ẹ́ tán, ẹ gbé e kaná lẹ́ẹ̀kan péré kó hó. Tẹ́ ẹ bá mọ̀ pé iná NEPA ò ní dé lálẹ́ yẹn, ẹ se ìwọ̀n tẹ́ ẹ máa jẹ tán, kò sí ọgbọ́n míì.

Lórí fírísà: tó bá kún fọ́fọ́, tẹ́ ẹ ò sì ṣí i, ohun inú rẹ̀ á ṣì dì bíi yìnyín fún nǹkan bí wákàtí 48 lẹ́yìn tí iná bá lọ, tó bá jẹ́ ìlàjì ló kún, bíi wákàtí 24. Torí náà ẹ má jẹ́ kí àyè ṣófo níbẹ̀, ẹ rọ omi sínú ìgò ike, ẹ fi dí i. Ẹ sọ fún àwọn ọmọ kí wọ́n yé ṣí i wò. Fíríìjì ní tiẹ̀, wákàtí mẹ́rin ni tí ẹ ò bá ṣí i, ẹ máa ka wákàtí.

Ohun tó bá sì ti bu, ẹ̀pà tàbí àgbàdo tàbí búrẹ́dì, ẹ má ha á kúrò kẹ́ ẹ jẹ ìyókù, ẹ má sì fi ṣe kúlíkúlí kẹ́ ẹ ní dídín á pa á. Májèlé tí wọ́n ń pè ní aflatoxin wà nínú irú ẹ̀pà àti àgbàdo bẹ́ẹ̀, ẹ̀dọ̀ ló ń bà jẹ́, iná ibi ìdáná ò lè mú un kúrò. Lọ́dún 2004, àgbàdo tó bu pa èèyàn 125 ní Kẹ́ńyà. Ẹ̀pà tó dúdú, tó súnkì, tó korò lẹ́nu, ẹ tu ú jáde, ẹ da ìyókù rẹ̀ nù, èmi ni mo ní kẹ́ ẹ dà á nù.

Màmá Kubwa ń bọ̀ lọ́dọ̀ mi lọ́jọ́ Ajé tó ń bọ̀. Mo ti ní kó má mú ìwé ìnáwó ọjà wá, bébà ara fíríìjì yẹn ni kó ká mọ́wọ́ wá. Ẹ̀yin náà tẹ́ ẹ bá ń bọ̀, ẹ mú tiyín dání.