Ẹ Wo Ẹsẹ̀ Òpó Kí Ẹ Tó Wo Orí Rẹ̀

Tí mo bá gbé àwòrán ahoro síwájú àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ àwòrán yíyà lọ́dọ̀ mi, òkè lojú wọn máa ń lọ, síbi tí òpó ti kán. Ìsàlẹ̀ ni mo máa ń ní kí wọ́n wò. Ibẹ̀ la ti ń rí bí ilé ṣe pẹ́ tó.

Ẹ jẹ́ ká wo iṣẹ́ kan tí Claude Lorrain yà ní 1636, tó wà ní Louvre, ilé àkójọ iṣẹ́ ọnà ní Paris. Ojúde àárín ìlú Róòmù àtijọ́ ló yà. Nígbà ayé tirẹ̀, Campo Vaccino ni wọ́n ń pe ibẹ̀, ìyẹn pápá màlúù, torí ẹran ló ń jẹ̀ níbẹ̀. Ẹnu-ọ̀nà ìṣẹ́gun olú-ọba Septimius Severus ṣì dúró, ṣùgbọ́n erùpẹ̀ ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún ti bo apá ìsàlẹ̀ rẹ̀. Claude kò hú u jáde. Bó ṣe bá a ló ṣe yà á.

Hubert Robert, ará Faransé tó lo ọdún 11 ní Róòmù láti 1754, fẹ́ràn àwọn obìnrin afọṣọ. Á ya òpó gàgàrà, á so okùn mọ́ ọn, á wá sá aṣọ sí i. Gbogbo wa la mọ bí aṣọ ṣe ń tóbi mọ. Òun la fi ń mọ bí òpó ṣe ga tó. Ní 1796, ó ya gbọ̀ngàn gígùn Louvre bí ẹni pé ó ti wó, bẹ́ẹ̀ ilé náà ṣì wà lódindi, òun alára sì wà lára àwọn tó ń tọ́jú rẹ̀. Òrùlé ti ṣí, ayàwòrán kan ṣì jókòó síbẹ̀, ó ń ya ère Apollo, òrìṣà àwọn Gíríìkì àtijọ́, tí kò wó. Iṣẹ́ yẹn máa ń dùn mí dọ́kàn.

Tí ẹ bá fẹ́ dán an wò, ẹ wá àlàpà ilé amọ̀ kan lọ. Òkúta a máa kán, ṣùgbọ́n yíyọ́ ni amọ̀ ń yọ́: òjò á ti fá igun orí ògiri náà kúrò, omi tó ń ta láti ilẹ̀ á sì ti jẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ wọnú. Ẹ má fi ọ̀dà dúdú ya òjìji rẹ̀ o. Ẹ po búlúù mọ́ àwọ̀ ilẹ̀ pupa. Tí ewúrẹ́ bá sùn sí ìdí rẹ̀, òun ni kí ẹ kọ́kọ́ yà. Ara rẹ̀ lẹ ó fi wọn ògiri.