Omi Ni Ẹja Ńlá Ń Tẹ̀lé, Kì Í Ṣe Oṣù

Ọ̀pọ̀ àwọn tí ń háyà ọkọ̀ lọ fi ìwọ̀ pẹja ní agbami, ní etíkun ìlà-oòrùn Amẹ́ríkà, ló gbà pé ẹja kọ̀ọ̀kan ní oṣù tirẹ̀, gẹ́gẹ́ bí àgbàdo ti ní ìgbà tirẹ̀. Wọn a ní sailfish wà ní Florida láti Oṣù Kejìlá títí di Oṣù Kejì, mahi-mahi a dé North Carolina nínú Oṣù Karùn-ún, marlin aláwọ̀ búlúù a tẹ̀lé e nínú Oṣù Kẹfà, marlin funfun a máa dúró de ènìyàn ní agbami lẹ́bàá Maryland nínú Oṣù Kẹjọ, túnà bluefin a sì wà ní Cape Cod, ní Massachusetts, títí ìgbà ìwọ́wé yóò fi parí. Wọn a gba ìsinmi lẹ́nu iṣẹ́, wọn a sanwó ọkọ̀ sílẹ̀ ní oṣù mẹ́fà ṣáájú, ọkàn wọn a sì balẹ̀ bíi ti ẹni tí ó ti ra tíkẹ́ẹ̀tì bọ́ọ̀lù. Bí wọ́n bá wá padà lọ́wọ́ òfo, atukọ̀ ni wọ́n ń bú.

Àtẹ oṣù yìí kì í ṣe irọ́. Ohun tí àwọn atukọ̀ ti rí fún ọ̀pọ̀ ọdún ló ń sọ, àwọn mìíràn nínú wọn sì ń fi ọkọ̀ wọn tẹ̀lé e láti èbúté dé èbúté: wọn a lo ìgbà òtútù ní gúúsù, wọn a sì máa gòkè lọ sí àríwá bí ooru bá ti ń mú. Ibi tí àṣìṣe ti wọlé ni pé èrò inú ọkọ̀ gbà pé oṣù ló mú ẹja wá. Oṣù kò mú nǹkan kan wá. Omi ni ẹja ń tẹ̀lé: bí ó ti gbóná tó, ibi tí ó ti bá omi mìíràn pààlà, àti oúnjẹ tí ó kó jọ sí ojú ààlà náà. Ibi tí irú omi bẹ́ẹ̀ sábà máa ń wà ni oṣù ń sọ fún ni, “sábà” yẹn gan-an ló sì ń jẹ owó ènìyàn.

Omi tí ọ̀rọ̀ náà dá lé jù lọ ni Gulf Stream, odò ńlá tó ń ṣàn nínú òkun. Ó ń gbé omi gbígbóná gba ẹ̀gbẹ́ Florida, níbi tí ó ti súnmọ́ ilẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ọkọ̀ tó bá kúrò ní Palm Beach kò ní rin máìlì púpọ̀ kí ó tó kàn án. Ó ń bá etíkun lọ títí dé Cape Hatteras ní North Carolina. Ibẹ̀ ló ti kẹ̀yìn sí ilẹ̀, tó sì forí lé àríwá ìlà-oòrùn. Nítorí èyí ni ọkọ̀ tó ń lọ láti Ocean City ní Maryland fi gbọ́dọ̀ rìn ju máìlì 50 lọ kí ó tó dé etí àfonífojì inú òkun tí wọ́n ń pè ní Baltimore Canyon, kò sì sí ẹni tó lè fọwọ́ sọ̀yà pé omi gbígbóná yóò ti wà níbẹ̀ dè é.

Ìmọ̀ yìí ti pẹ́. Ní nǹkan bí ọdún 1769, Benjamin Franklin, ẹni tó wà nídìí iṣẹ́ ìfìwéránṣẹ́ nígbà náà, ń wádìí ìdí tí àwọn ọkọ̀ tó ń kó lẹ́tà láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wá sí Amẹ́ríkà fi ń pẹ́ lójú omi. Timothy Folger, mọ̀lẹ́bí rẹ̀ tó jẹ́ atukọ̀ ní erékùṣù Nantucket, ló tú ọ̀rọ̀ náà palẹ̀ fún un. Ó ní àwọn tí ń pa àbùùbùtán mọ ìṣàn omi náà dáadáa, nítorí pé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni àbùùbùtán máa ń wà, wọn kì í bá a nínú rẹ̀. Bí wọ́n ti ń lé àbùùbùtán káàkiri ni wọ́n ń bá àwọn ọkọ̀ lẹ́tà ní àárín gbùngbùn ìṣàn náà, tí wọ́n ń bá omi jà. Wọn a ní kí wọ́n yà kúrò níbẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn ọ̀gá ọkọ̀ náà ka ara wọn sí ọlọ́gbọ́n ju ẹni tí apẹja lásán ń gbà nímọ̀ràn lọ. Folger ya ìṣàn náà sórí àwòrán òkun fún Franklin. Etí omi ni àwọn àgbà apẹja wọ̀nyẹn ń wò, òun náà ni àwọn atukọ̀ òní ń wò.

Etí omi yìí ṣeé fojú rí. Lọ́dún kan tí èmi àti àwọn mẹ́rin dáwó háyà ọkọ̀ nínú Oṣù Kẹjọ, a rìn fún wákàtí méjì àtààbọ̀ nínú omi aláwọ̀ ewé, ẹ̀rọ tí ń wọn ìgbóná omi kò sì kúrò lórí 75 ní ìwọ̀n Fahrenheit. Lójijì ó di 77, kò pẹ́ ó di 79. Àwọ̀ omi yí padà bí ẹni pé ẹnìkan fa ìlà sí i: ewé lápá kan, aró lápá kejì. Lójú ìlà náà ni koríko òkun tí wọ́n ń pè ní sargassum tò lọ gbọọrọ bí ẹní tí wọ́n tẹ́. Ọmọ iṣẹ́ inú ọkọ̀ fi ìkọ́ fa ìdì kan sókè, ó gbọ̀n ọ́n sínú korobá. Edé wẹ́wẹ́ tí kò tó èékánná jábọ́, akàn tí àwọ̀ rẹ̀ kò yàtọ̀ sí ti koríko náà jábọ́, pẹ̀lú ọmọ ẹja tí ara rẹ̀ mọ́ gaara débi pé mo rí egungun inú rẹ̀. Edé yẹn ni ọmọ ẹja ń jẹ, ọmọ ẹja ni mahi-mahi ń jẹ, mahi-mahi kékeré sì wà lára ohun tí marlin ń jẹ.

Omi méjì tí ìgbóná wọn yàtọ̀ ló ń ti ara wọn níbẹ̀, ohunkóhun tó bá sì ń léfòó ni wọ́n ń gbá jọ sí ojú ààlà, bí ìgbálẹ̀ ti ń gbá pàǹtírí sí ẹsẹ̀ ògiri.

Lọ́dún tó tẹ̀lé e, a tún lọ ní ọ̀sẹ̀ kan náà, láti èbúté kan náà. A kò rí ìlà kankan. Bí omi ti rí nítòsí ilẹ̀ náà ló rí níbi tí a rìn dé, kò sì sí ẹja ńlá kan tó fẹnu kan ìjẹ wa títí ilẹ̀ fi fẹ́ ṣú. Ohun tó yí padà ni pé Gulf Stream kì í ṣàn tààrà lẹ́yìn Hatteras. Ṣe ló ń lọ́ bí ejò, nígbà mìíràn ibi tó lọ́ náà a já kúrò lára rẹ̀, a sì di òrùka omi gbígbóná tó ń yí lórí ara rẹ̀. Irú òrùka bẹ́ẹ̀ lè fẹ̀ ju kìlómítà 100 lọ, ó lè wà fún oṣù mélòó kan, a sì máa rọra sún lọ sí ìwọ̀-oòrùn. Bí ó bá fara kan etí àwọn àfonífojì inú òkun náà, gbogbo èbúté ni yóò máa sọ̀rọ̀ marlin. Bí ó bá dúró sí ọ̀nà jíjìn, ọkọ̀ tó ń lọ tó sì ń padà lọ́jọ́ kan náà kò ní lè bá a. Oṣù Kẹjọ sì ni nígbà méjèèjì.

Ní Florida, afẹ́fẹ́ tún dá sí i. Bí omi àríwá ti ń tutù ni sailfish ń sọ̀ kalẹ̀ lọ sí gúúsù, ṣùgbọ́n ọjọ́ tí àwọn atukọ̀ ń dúró dè ni ọjọ́ tí afẹ́fẹ́ tútù bá fẹ́ láti àríwá, tí ó sì dojú kọ ìṣàn Gulf Stream tó ń lọ sí àríwá. Ìgbì a dìde gírígírí, sailfish a gùn ún lọ sí gúúsù, ìrù rẹ̀ a sì máa yọ lójú omi. Ẹni tó bá lọ ní ọjọ́ tí omi pa rọ́rọ́ nínú Oṣù Kìíní, tí ó sì ń yọ̀ pé èébì kò gbé òun, lè má mọ ohun tí ó pàdánù.

Túnà bluefin ló da àtẹ oṣù rú jù, nítorí pé ẹja tó wà ní Cape Cod nígbà ooru ni wọ́n tún ń pa lẹ́bàá Outer Banks ní North Carolina nígbà tí òtútù bá mú gan-an. Ara rẹ̀ ló fún un láyè. Iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ tútù wọlé àti èyí tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ gbígbóná jáde wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ooru ń ti ọ̀kan bọ́ sínú èkejì, bẹ́ẹ̀ ni ẹran ara ẹja náà fi ń gbóná ju omi tó yí i ká lọ. Omi tí yóò lé mahi-mahi sá ni bluefin ń jẹun nínú rẹ̀. Nígbà òtútù lẹ́bàá Hatteras, omi etí ilẹ̀ lè wà ní nǹkan bí 10 ní ìwọ̀n Celsius nígbà tí Gulf Stream tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ṣì kọjá 20, ojú ààlà omi méjèèjì sì ni ẹja kéékèèké tí bluefin ń wá ń kó jọ sí.

Mo mọ ohun tó mú kí ìgbàgbọ́ yìí ṣòro láti kú. Àwọn ìdíje ńlá ní ọjọ́ tiwọn: láti ọdún 1974 ni White Marlin Open ti ń wáyé ní Ocean City nínú Oṣù Kẹjọ, Big Rock sì ń wáyé ní Morehead City nínú Oṣù Kẹfà. Ènìyàn a wo èyí, a rò pé ẹja náà ti forúkọ sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ sì ni, ọjọ́ tó dára nìkan ni wọ́n ń gbé àwòrán rẹ̀ kọ́ sára ògiri ní èbúté. N kò tíì rí àwòrán ìwọ̀ òfo níbẹ̀ rí. Òfin náà tún ní ìgbà tirẹ̀, tí àwọn ènìyàn ń dà pọ̀ mọ́ ti ẹja: ìjọba lè ti ilẹ̀kùn bluefin pa ṣáájú ọjọ́ tí wọ́n dá, bí iye tí wọ́n fàyè gbà bá ti pé, kódà bí ẹja náà bá pọ̀ bí yanrìn.

Nítorí náà, ìbéèrè tó yẹ kí a bi atukọ̀ kí a tó sanwó kọjá “oṣù wo ló dára?” Ẹ bi í bóyá ó lè sún ọjọ́ síwájú tàbí sẹ́yìn, bí etí omi ti rí láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, àti ohun tí ó ń ṣe bí etí náà bá jìnnà jù. Àwòrán sátẹ́láìtì ló fi ń mọ ìgbóná omi kí ó tó kúrò ní èbúté, ìkùukùu sì lè bo òkun fún ọjọ́ mẹ́ta kí àwòrán tuntun tó wọlé. Atukọ̀ tó bá jẹ́ olóòótọ́ yóò sọ fún yín bí èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ bá ti gbó.

Atukọ̀ tí mo ń bá lọ báyìí pè mí ní ọjọ́ méjì ṣáájú ìrìnàjò wa tó kẹ́yìn. Ó ní omi gbígbóná ti sún kúrò, epo tí a ó fi lépa rẹ̀ yóò gbé iye owó sókè, kò sì dá òun lójú pé a ó bá a. Ó wá bi mí bóyá kí a pa marlin tì, kí a lọ ju ìwọ̀ sísàlẹ̀ fún tilefish, ẹja tó ń gbẹ́ ihò sínú ilẹ̀ ìsàlẹ̀ òkun ní etí àfonífojì, níbi tí omi ti tutù bákan náà láti ọdún dé ọdún. Mo ní kí a lọ bẹ́ẹ̀. Tilefish kì í bá Gulf Stream rìn, inú ihò rẹ̀ ni a sì bá a.